Páálí Ọdún: Kí Á Tó Gé E, Kí Á Mọ Ibi Tí Yóò Sùn

Ọ̀rọ̀ páálí àti bébà ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí ẹ bá lọ síbi wọ́límátù ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó lónìí, tàbí síbi ìsọmọlórúkọ, tàbí bí àwọn ìyá Àṣàlátù bá ń pín nǹkan fún ara wọn nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe inú ọ̀rá lásán nìkan ni a ń kó ẹ̀bùn sí mọ́. Inú àpótí páálí kékeré ni ẹlòmíràn ń kó o sí. Òṣùpá àti ìràwọ̀ yóò wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ni ìnáwó yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlòmíràn yóò fi káàdì ìkíni tì í, tí a gé lójú wínníwínní bí fèrèsé mọ́ṣáláṣí.

Púpọ̀ nínú irú ọnà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àlùmọ́gàjí ni a fi gé e. Ẹ̀rọ ni. Ọmọbìnrin tí ó bá rí i kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ pé: ṣé kí n ra ẹ̀rọ yìí, kí n fi ṣe iṣẹ́ jẹun? Ìdáhùn tiwa ni pé iṣẹ́ tí ó dára ni, iṣẹ́ tí obìnrin lè jókòó sínú ilé rẹ̀ ṣe láìfi ọmọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó tẹ ẹ̀rọ: iye tí páálí náà yóò jẹ, àti ibi tí páálí náà yóò sùn nígbà tí ọdún bá kọjá.

ÀWỌN ÌYÁ WA TI Ń DI Ẹ̀BÙN TIPẸ́

Kí bébà tó pọ̀ nílùú, àwọn ìyá wa mọ bí a ti í di ẹ̀bùn. Ewé eéran tí ń hù nínú igbó ilẹ̀ Oǹdó ni wọ́n fi ń di ẹran Iléyá, òun náà ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Igbá tí a fín, tí a fi ìdérí dé, tí a da aṣọ funfun bò, ni ọmọdé fi ń gbé oúnjẹ ọdún lọ fún aládùúgbò. Nígbà tí ọdún bá tán, igbá yóò padà wálé, ewé yóò sì jẹrà di ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Bébà náà kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Lẹ́yìn ogun Talas ní ọdún 751, ìlú Samarkand di ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ bébà, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ọdún 795, ilé-iṣẹ́ bébà ti wà ní Bagidádì ní ayé ìjọba Harun al-Rashid. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Íjíbítì àti Mòrókò dé Sípéènì, kí àwọn òyìnbó ìyókù tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀nà aṣálẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Orúkọ tí àwọn àgbà ń pe bébà, tákàdá, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gbà á, gẹ́gẹ́ bí a ti gba tàdáwà tí a fi ń kọ wàláà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ àlùfáà ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀nú kọ ìwé wọn sórí bébà Ítálì kan tí òṣùpá mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ojú kò rí òṣùpá náà àfi bí a bá gbé bébà síwájú ìmọ́lẹ̀. Àwọn Túrkì pẹ̀lú, ní ayé àwọn ọba Ọ́tọ́mánì, ní iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní kat'ı: wọn a fi abẹ gé òdòdó àti ìkọ̀wé Lárúbáwá jáde lára bébà, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé. Nítorí náà, ọmọ tí ń gé òṣùpá sára bébà lónìí, iṣẹ́ àtijọ́ ni ó bá lọ́nà. Ọwọ́ tí ń mú abẹ ni ó di ẹ̀rọ.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ yìí pe ẹ̀rọ ìgé-ìwé ńlá ti àwọn atẹ̀wé, èyí tí ń já odidi ìdì bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orí tábìlì ni eléyìí ń jókòó. Orúkọ méjì tí ó gbajúmọ̀ ni Cricut àti Silhouette, ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà sì ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà. Inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni a ti ń ya àwòrán ohun tí a fẹ́ gé. A ó lẹ bébà mọ́ ẹní alẹ̀mọ́ kan tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 12. Ẹ̀rọ yóò máa fa ẹní náà síwájú sẹ́yìn, ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ yóò sì máa rìn sọ́tùn-ún sósì. Ìrìn méjì yìí ni gbogbo ọnà náà ti ń jáde.

Ìlà oríṣi méjì ni a ń yà fún un: ìlà tí yóò gé já, àti ìlà tí yóò kàn tẹ̀ kí a lè rí ibi tí a ó ti ṣẹ́ páálí. Ẹni tí kò bá ya ìlà ìṣẹ́ sọ́tọ̀, àpótí rẹ̀ yóò di wẹ́wẹ́ lórí ẹní.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni kí ẹ mú lò. Èkíní, ẹ kọ́kọ́ gé àmì kékeré kan sí igun páálí wò, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀bẹ wọlé tó, tàbí ó wọlé jù. Ọ̀bẹ tí ó bá wọlé jù yóò ba ẹní jẹ́, ẹní sì ń náni lówó. Èkejì, nígbà tí ẹ̀rọ bá gé tán, ẹ má ṣe fa bébà kúrò lára ẹní, nítorí yóò ká kòróbójó. Ẹ dojú ẹní dé, kí ẹ máa tẹ ẹní náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bébà yóò sì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ̀kẹta, òjò ilẹ̀ wa pọ̀, bébà a sì máa mu omi inú afẹ́fẹ́. Páálí tí ó bá ti rọ̀ kì í gé dáadáa, ńṣe ni etí rẹ̀ ń ya. Inú ọ̀rá tí a so lẹ́nu ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹ má sì gbé e sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

ẸYỌ PÁÁLÍ KAN, ÀPÓTÍ KAN

Ibí yìí ni èrè àti àdánù wà, nítorí náà kí ẹ̀yin ọmọ wa mú rúlà sọ́wọ́. Páálí tí à ń pè ní A4 gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, ó sì fẹ̀ ní 21. Kí á sọ pé àpótí dàbínù ni a fẹ́ ṣe. Bí a bá ní kí ìdí àpótí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 ní ìbú àti ní òró, kí ó sì ga ní 5, páálí tí yóò gbà ni 5 àti 8 àti 5, èyí tí í ṣe 18. Ìdérí rẹ̀ ní láti fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ kí ó lè wọlé. Bí ìdérí bá jẹ́ 8.2, tí ó sì ga ní 2.5, yóò gba 13.2. Ẹ ro 18 àti 13.2 pọ̀, ó di 31.2. Páálí A4 kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹyọ páálí méjì ni àpótí kan yóò jẹ.

Wàyí o, ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí jẹ́ 7.5, kí ó ga ní 4. Yóò gba 15.5. Kí ìdérí jẹ́ 7.7, kí ó ga ní 2. Yóò gba 11.7. Ẹ ro ó pọ̀, ó di 27.2. Ó wọ inú ẹyọ kan ṣoṣo, ó tún ṣẹ́kù. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ 120 àpótí yóò fi ẹyọ 120 ṣe é, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ lè jó tó 240. Ẹni tí a fún ní àpótí náà lè má fura sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àpò ẹni tí ó ṣe é mọ̀ ọ́n. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a gé ní ibi tí páálí yóò ti ṣẹ́, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti yọ etí tí góòmù yóò mú. Àjẹkù páálí tí ó bá sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi gé ìràwọ̀ tàbí àmì tí a ń kọ orúkọ sí.

Páálí tí ó nípọn díẹ̀, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní 250 tàbí 300 gíráàmù, ni ó dára fún àpótí. Fún káàdì, ẹ gé ẹyọ A4 kan sí méjì, kí ẹ ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po lẹ́ẹ̀kan: káàdì méjì ni ẹ ti ní yẹn.

Kí ni ìdí tí a fi tẹnu mọ́ ìṣúnná tó bẹ́ẹ̀? Púpọ̀ bébà tí a ń lò ní Nàìjíríà, òkè òkun ni ó ti ń wá. Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Oku-Iboku àti ní Ìwópin, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe tó ohun tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí náírà bá rẹlẹ̀, bébà a gòkè. Ẹni tí ń fi páálí ṣòfò, owó ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń sọ sínú ààtàn, Ọlọ́run Ọba kò sì fẹ́ àwọn ọ̀nà-ẹ̀dá.

ÀMÌ KÉKERÉ TÍ Ń SỌNÙ

Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-kéú mọ̀ pé àmì kékeré ló ya lẹ́tà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bá ní àmì kan nísàlẹ̀, tá ní méjì lókè, sá ní mẹ́ta lókè. Bí a bá mú àmì náà kúrò, ara kan náà ni wọ́n ní, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èyí tí a ń pè. Èdè tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Bí àmì bá já kúrò lábẹ́ “ọdún”, kì í ṣe ọdún mọ́.

Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Nígbà tí ó bá ń gé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, àmì abẹ́ lẹ́tà yóò gé lọ́tọ̀, yóò kéré bí èso ọkà, yóò sì sọnù. Nítorí náà, kí ẹ so àmì náà mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà nínú àwòrán kí ẹ tó gé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ẹ fẹ́ lu lẹ́tà náà ní ihò sára páálí, àárín “o” àti “d” ni yóò já bọ́. Ẹ fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tí yóò dì í mú. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá irú lẹ́tà tí ẹ yàn nínú kọ̀ǹpútà ní ẹ, ọ àti ṣ. Ọ̀pọ̀ ni kò ní. Kò yẹ kí á fi ẹ̀rọ olówó ńlá ki ara wa kú ọdún kí á má sì lè kọ ọdún.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ó WÀ LÁRA ÀPÓTÍ

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà gan-an. Oníbàárà lè wá bá ọmọ wa pé, “Ọmọ mi, bá mi kọ Bìsìmìláì sí i lára, kí ó lè ní ìbùkún.” Òmíràn yóò ní kí a kọ ẹsẹ Àlùkùránì, tàbí kí a gé orúkọ Ọlọ́run sí ojú ìdérí. Ète wọn dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé àpótí náà délé. Ọmọ yóò jẹ dàbínù tán. Àpótí yóò sùn sórí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, wọn yóò gbá a pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Òjò yóò gbé e wọ gọ́tà, ẹsẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí a kò gbọdọ̀ gbé wọ ilé ìyàgbẹ́, òun ni a fi ọwọ́ ara wa rán lọ síbẹ̀ nítorí ọ̀ṣọ́.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n ń tún Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú Sana'a ṣe ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì, wọ́n bá ìdì ńlá àwọn ojú ewé Àlùkùránì àtijọ́ ní òkè àjà. Àwọn kan nínú wọn ti wà láti ọ̀rúndún kìíní Hìjírà. Ìwé tí ó ti gbó ni, síbẹ̀ wọn kò jù ú sí ààtàn. Wọ́n gbé e sí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè tẹ̀ ẹ́. Ní ilé-kéú tiwa náà, omi tí a fi fọ wàláà, a kì í dà á sí ojú ọ̀nà.

Kí ni kí á wá kọ? Ẹ kọ “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.” Ẹ kọ “Àṣèyí ṣàmọ́dún.” Ẹ gé òṣùpá, ẹ gé ìràwọ̀, ẹ gé àgbò, ẹ gé ilé gogoro mọ́ṣáláṣí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gbé sítáǹbù ọdún Mùsùlùmí jáde. Mohamed Zakariya, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó mọ ìkọ̀wé Lárúbáwá dunjú, ni ó kọ ọ́. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ní Lárúbáwá kò ju “Ìdì Mùbáráákì” lọ, ó sì dára lójú. Ìkíni tó fún ọnà.

Bí oníbàárà bá sì ń tẹnu mọ́ ọn, kí ọmọ wa fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ àdúà náà sórí káàdì tó nípọn tí wọn yóò gbé kọ́ ara ògiri, kí á sì jẹ́ kí àpótí gbé ìkíni nìkan.” Ohun tí a fẹ́ kí ó pẹ́, kí ó wà lórí ohun tí yóò pẹ́. Káàdì tí ẹsẹ mímọ́ bá wà lára rẹ̀ tí ó sì ti gbó, ẹ rì í sí ibi tó mọ́, tàbí kí ẹ kó o fún lèmọ́mù yín.

KÍ Á TÓ RA Ẹ̀RỌ

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí dátà kì í ṣe omi òjò. Ètò Silhouette tí a ti gbé sínú kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ láìsí i; ti Cricut, íntánẹ́ẹ̀tì ni ó gbára lé jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Cricut kéde pé ẹni tí kò bá ń san owó oṣooṣù kò ní lè gbé ju àwòrán 20 tirẹ̀ lọ sínú ètò wọn lóṣù kan. Àwọn oníbàárà fárígá, ilé-iṣẹ́ náà sì yí ọ̀rọ̀ náà padà nínú oṣù kan náà. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ẹ lè ra ẹ̀rọ tán, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ti iná, ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná bí áyọ́ọ̀nù, bátìrì tí a fi oòrùn gba agbára sí lè gbé e.

Ẹ má ṣe yá owó elélèé rà á. Èlé ni a kọ̀ fún wa, kò sì sí òṣùpá páálí tí ó tó gbèsè í jẹ. Bí ẹnì kan kò bá lè dá a rà, kí àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú Àṣàlátù kan dá èésú, kí wọ́n rà á pọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tí ó mú iye báyìí wá, ẹni tí yóò lò ó lọ́jọ́ báyìí, ẹni tí yóò ra ọ̀bẹ tuntun. Ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátù Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ni. Ọ̀rẹ́ kò dí ìwé kíkọ lọ́wọ́. Ìwé ni kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bàjẹ́.

Ẹ tún mọ ọjọ́ ká. Láti Ìtúnu Ààwẹ̀ dé Iléyá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 68 lọ. Ní ọdún 2024, a túnu ààwẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, a sì ṣe Iléyá ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà: ọjọ́ 67 ni yẹn. Òṣùpá ni ó sì ń pàṣẹ. Iṣẹ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ parí kí ààwẹ̀ tó di ọjọ́ 28, kí ẹ má sì kọ ọjọ́ òyìnbó sára àpótí kí a tó rí òṣùpá. Ní àárín ọdún méjèèjì, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti wọ́límátù ni ẹ̀rọ yóò máa jẹ, kí ó má bàa jókòó gba eruku.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ọ̀rọ̀ tí ó kù fún àwa tí ń náwó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpótí gbówó lórí ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Dàbínù mẹ́ta nínú àpótí tí owó rẹ̀ tó ra ìwọ̀n dàbínù kan, ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹran Iléyá kò sì ní ohunkóhun í fi páálí alárànbarà ṣe. Òróró yóò jẹ páálí, àwọ̀ yóò sì ran ẹran. Ewé eéran ṣì wà lọ́jà, abọ́ oníderí ṣì wà nílé. Tálákà tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹran ni ó ń wò, kò wo ríbọ́ọ̀nì.

Nígbà tí ẹ bá sì gba àpótí tó lẹ́wà, ẹ má ṣe jù ú nù kíákíá. Abẹ́rẹ́ àti òwú lè gbé inú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ lè gbé inú rẹ̀. Kí ó padà wúlò nílé bí igbá àwọn ìyá wa ti í ṣe.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ̀rọ lè gé ohunkóhun tí ẹ bá yà fún un, kò sì ní bi yín léèrè ìdí. Ẹ̀yin ni ọgbọ́n wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wọn páálí yín dáadáa, ẹ ṣọ́ orúkọ Ọlọ́run kúrò nínú gọ́tà, kí Ọba Olóore fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.